Ìmẹ́lẹ́ Ló Bí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú dánfó, ẹ fi etí kan sílẹ̀ fún kọ̀ńdọ́ kó má baà gbé ṣéńjì yín lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ abọ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ó sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn mí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ Sátidé, nǹkan bí aago méje àárọ̀, mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá Ìjọ ni. Tí Ìyá Ìjọ bá pe èèyàn láago méje àárọ̀ Sátidé, ohun méjì ló lè jẹ́: ẹnì kan kú, àbí ẹnì kan fẹ́ gbéyàwó. Mo gbé e.

"Ọmọ mi, ṣé ara ìyá ẹ yá?"

"Ó yá, mà."

"Ṣé owó ń dà á láàmú ni?"

"Rárá, mà. Kí ló dé, mà?"

"Ó ní kí n fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rùn-ún ránṣẹ́ kíákíá, pé òun máa dá a padà kó tó di alẹ́. Ṣùgbọ́n kò kí mi."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn fún mi o: ṣùgbọ́n kò kí mi. Mo máa padà síbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lálẹ́ Furaidé, ọmọ Yahoo kan pe ìyá mi. Ó ní òun ń pè láti ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé, pé ìpàdé orí Zoom máa wà, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù wọn, kí wọ́n bá òun kà á. Màámi kà á. Wọ́n tún kà á lẹ́ẹ̀kejì, kó lè yé e dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ WhatsApp á ní kò burú, PIN ṣì wà níbẹ̀ tó máa dá olè dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo tò ó fún wọn. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun, tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ń gbé fóònù wá bá bíi pé mo jẹ́ babaláwo. Lọ́dún tó kọjá ni mo gba fóònù náà lọ́wọ́ Màámi. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà mẹ́fà. Ebi ń pa mí, ìrẹsì ti wà lórí tábìlì, mo tẹ ọjọ́ ìbí wọn. Ọjọ́, oṣù, ọdún. Nọ́ńbà mẹ́fà géérégé. Mo dá fóònù padà, mo fa àwo ìrẹsì mi mọ́ra.

Ọjọ́ ìbí yẹn náà ni ìjọ máa ń gbé jáde lọ́dọọdún, tòun ti fọ́tò Màámi nínú gèlè aláwọ̀ àlùkò, tí gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin á sì gbé sórí status. Lọ́dún tí wọ́n pé ọdún 65, wọ́n kọ 65 náà sí i gàdàgbà-gàdàgbà.

Kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú, èèyàn méjì ti fi owó ránṣẹ́ sí olè náà. Ẹnì kan fi 40,000 náírà, ẹnì kejì fi 25,000. Màámi ní àwọn máa san án padà látinú owó ìfẹ̀yìntì àwọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n san án. Wọ́n ní rárá, orúkọ àwọn ni wọ́n fi gbà á. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ká ní wọ́n pariwo mọ́ mi ni, ara ì bá tù mí díẹ̀.

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ mí, tí oorun ò bá kùn mí, fídíò ogun ni mo máa ń wò. Mi ò kàwé ìtàn o. Ẹlòmíì ń wo bọ́ọ̀lù, èmi ń wo Ogun Àgbáyé Kejì, èyí táwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler, tó kó àwọn ọmọ wa lọ sí Bọ́mà lọ bá àwọn ará Japan jà. Lóru yẹn, ibi tí fídíò gbé mi dé ni ìtàn Enigma. Mo ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìgbà yẹn ni mo tó rí ara mi nínú ẹ̀.

Enigma jẹ́ ẹ̀rọ kan tó jọ tàípù ayé àtijọ́, inú àpótí onígi ló ń gbé. Ará Jámánì kan, Arthur Scherbius, ló lọ forúkọ iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ yìí sílẹ̀ lọ́dún 1918. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé tẹ́ ẹ bá tẹ A, gílóòbù kékeré kan á tàn lórí lẹ́tà mìíràn, bóyá T. Tẹ́ ẹ bá tún tẹ A, ó lè má jẹ́ T mọ́, ó lè jẹ́ G, nítorí wíìlì inú rẹ̀ ti yí. Wíìlì mẹ́ta ló ń wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú 26. Níwájú, àwọn wáyà wà tí wọ́n fi ń so lẹ́tà pọ̀ ní méjì-méjì. Ẹni tó máa ka ọ̀rọ̀ náà níbi tó bá wà gbọ́dọ̀ to ẹ̀rọ tirẹ̀ bákan náà gẹ́lẹ́, ètò náà sì máa ń yí padà lójoojúmọ́.

Iye ọ̀nà tí wọ́n lè gbà to Enigma àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rèé: 158,962,555,217,826,360,000. Ẹ má ṣe ní kí n tún un kà. PIN Màámi ní mílíọ̀nù kan péré ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ mo sì rò pé ọmọ Yahoo yẹn ò gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe wá tú u? Àwọn ará Poland ló kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀. Ní ìparí ọdún 1932, onímọ̀ ìṣirò kan, Marian Rejewski, fi ìṣirò mọ bí wáyà inú àwọn wíìlì náà ṣe lọ. Ìwé àṣírí kan tí ará Jámánì kan tà fún àwọn Faransé ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó gbà wọlé gan-an ni òfin kan táwọn ará Jámánì fúnra wọn ṣe. Wọ́n ní kí oníṣẹ́ rédíò mú lẹ́tà mẹ́ta, kó sì fi wọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó lè dájú pé ẹni kejì gbọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀mejì, kó lè yé e dáadáa. Mo dá fídíò náà dúró níbẹ̀, mo wo àjà fún ìgbà díẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 1939, kí Jámánì tó kọlù wọ́n, àwọn ará Poland pe àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, wọ́n sì fi gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ hàn wọ́n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn èèyàn wọn jọ sí ilé ńlá kan ní ìgbèríko, Bletchley Park. Ibẹ̀ ni Alan Turing wà, òun àti Gordon Welchman, tí wọ́n ṣètò ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Bombe. Àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1940.

Enigma ní àbùkù kan. Lẹ́tà kò lè di ara rẹ̀ láéláé. Tẹ́ ẹ bá tẹ M, ó lè di ohunkóhun, àyàfi M. Ó jọ nǹkan kékeré, àbí? Ẹ jẹ́ kí n fi Màámi ṣàpẹẹrẹ. Kò sí ohun tí Màámi máa kọ sórí WhatsApp tí kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ kú ojúmọ́ o, àlàáfíà Olúwa kó máa bá wa gbé." Bí ilé ń jó, wọ́n á kọ́kọ́ kọ ọ́ tán. Ká ní Màámi ń lo Enigma, tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣọ́ wọn sì mọ ìwà wọn yìí, ẹ máa gbé "Ẹ kú ojúmọ́" sábẹ́ àdììtú náà, lẹ́tà lábẹ́ lẹ́tà. Tí M bá bọ́ sábẹ́ M, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ nìyẹn, ẹ sún un síwájú. Ibi tí kò bá ti sí lẹ́tà tó pàdé ara rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀. Ìgbà náà ni Bombe á wá máa yí, á máa lé àwọn ètò tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ dànù, títí tó máa fi ku díẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun Jámánì náà ní "ẹ kú ojúmọ́" tiwọn. Ìròyìn ojú ọjọ́ ni. Lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, ẹnì kan á fi bí òjò àti atẹ́gùn ṣe rí ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà "Wetter" á sì wà nínú ẹ̀, ìyẹn ojú ọjọ́ lédè wọn. Àwọn kan wà ní ibi tí nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀, wọ́n á sì máa ròyìn lójoojúmọ́ pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ọmọkùnrin kan tó jókòó sínú òtútù, tó ń kọ "kò sí nǹkan kan," tí ìyẹn gan-an sì ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá.

Lẹ́tà mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Wọ́n ní kí oníṣẹ́ rédíò kàn mú èyí tó bá ṣáà bọ́ sí i lọ́kàn. Ọmọ èèyàn! Àwọn kan ń lo ara orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin wọn. Àwọn kan ń tẹ lẹ́tà tó tò tẹ̀ léra lórí kíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n bá sì ní láti mú méjì, tí ẹ bá ti rí HIT, ẹ mọ̀ pé LER ló ń bọ̀. BER, LIN. Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo 123456 ń gbọ́ mi ṣá?

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni John Herivel. Ní oṣù kejì ọdún 1940, ọmọ ọdún 21 ni, ó jókòó síwájú iná nílé tó wọ̀ sí, oorun ń gbé e lọ. Ó wá ń rò ó pé, ká ní òun ni oníṣẹ́ rédíò Jámánì, tó jẹ́ ọ̀lẹ, kí lòun máa ṣe láàárọ̀? Ó rò ó pé òun máa to wíìlì tuntun sínú ẹ̀rọ, òun máa dé e, òun ò sì ní yọ ara òun lẹ́nu láti yí i lọ síbòmíì kí òun tó fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ogun gbóná, iṣẹ́ pọ̀ lórí àwọn ọmọkùnrin yẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí Herivel ṣe rò ó gẹ́lẹ́. Ìjìnlẹ̀ ìṣirò kọ́ o. Ó kàn mọ bí ara ṣe ń rò wá láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Mavis Lever náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 19. Ó ń wo iṣẹ́ kan táwọn ọmọ ogun ojú omi Ítálì fi Enigma tiwọn kọ. Ó gùn, ó sì dàbí pé nǹkan kan sọnù nínú ẹ̀. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀: kò sí L kankan nínú ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kí ló mú kí lẹ́tà kan ṣoṣo má sí? Ẹ rántí pé lẹ́tà kò lè di ara rẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní kó fi ọ̀rọ̀ ìdánwò ránṣẹ́, ohunkóhun tó bá ṣáà wù ú. Orí kíbọ́ọ̀dù Enigma, L ló gbẹ̀yìn pátápátá nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó gbé ìka lé e, ó ń tẹ̀ ẹ́, L, L, L, bóyá ó ń fi ọwọ́ kejì mu sìgá. Ọmọbìnrin yẹn fi ìyẹn rí ọ̀nà wọ inú bí ẹ̀rọ wọn ṣe wà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo wá rántí ìrẹsì tí mo ń sáré lọ jẹ.

Àmọ́ èyí tó mú mi dìde jókòó ni ti ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1941. Òun ni mo ṣe fún ètò yìí lórúkọ tí mo fún un. Mo mọ̀ pé mo sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jẹ́ n ráyè.

Àwọn ọ̀gá àgbà Jámánì ní ẹ̀rọ mìíràn tó le ju Enigma lọ, Lorenz, tó ní wíìlì méjìlá. Òun ni Hitler àti àwọn ọ̀gágun rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò tíì fojú kàn án rí. Lọ́jọ́ yẹn, oníṣẹ́ kan jókòó sídìí rẹ̀ ní Athens, ó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Vienna. Ọ̀rọ̀ náà tó nǹkan bí 4,000 lẹ́tà. Ó tẹ̀ ẹ́ tán. Vienna bá dá a lóhùn pé kò wọlé dáadáa, kó tún un fi ránṣẹ́.

Ẹ wò ó báyìí: ẹ ti fi ohùn oníṣẹ́jú méje ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp, ó wá ní, "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa, kí lẹ sọ?" Ṣé ẹ máa tún gbogbo ẹ̀ sọ bó ṣe wà? Irọ́ ni. Ẹ máa gé e kúrú. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe nìyẹn. Àkọ́kọ́, ó dá àwọn wíìlì padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ohun tí òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ká ní ó wá tẹ ọ̀rọ̀ náà bákan náà láì yẹ lẹ́tà kan, ohun kan náà ló máa jáde, àwọn tó ń fetí kọ́ ò sì ní rí nǹkan kan mú. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. "Spruchnummer" ló wà níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà iṣẹ́ náà. Ó gé e sí "Spruchnr". Láti ibẹ̀ lọ, ó ń gé e kúrú kiri.

Báyìí, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra ti wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan náà. Tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan yọ ìkejì, kọ́kọ́rọ́ náà á pa rẹ́, á wá ku ọ̀rọ̀ méjì tó lọ́ mọ́ra wọn. John Tiltman jókòó tì í fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì tú méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bill Tutte wá gba ohun tó kù nínú rẹ̀, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ náà fúnra rẹ̀. Pẹ́ńsù àti pépà ló fi bẹ̀rẹ̀, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣàlàyé gbogbo bí inú Lorenz ṣe rí, wíìlì méjèèjìlá, láì fojú rí i.

Mímọ̀ ọ́n ò tó o. Ìṣirò tó wà nínú títú u lójoojúmọ́ ti pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè fọwọ́ ṣe. Ibẹ̀ ni Tommy Flowers ti wọlé, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ tẹlifóònù lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kan ẹ̀rọ oníná, tó máa lo fáàfù, àwọn gíláàsì tó jọ gílóòbù, irú èyí tó máa ń wà nínú rédíò àtijọ́. Àwọn kan ní kò lè ṣeé ṣe, pé fáàfù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan á máa jó lójoojúmọ́. Flowers mọ̀ látinú iṣẹ́ tẹlifóònù pé títàn-án pípa-á ló ń ba fáàfù jẹ́. Tí wọ́n ò bá pa á, ó máa pẹ́. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń rò. Ká ní àdúgbò mi ni wọ́n gbé e sí ni, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni NEPA máa bá Flowers parí ẹ̀.

Orúkọ ẹ̀rọ náà ni Colossus. Ó ní fáàfù bí 1,600, ó ń ka 5,000 lẹ́tà ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti orí tééèpù oníbébà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bletchley ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944. Èyí kejì, tó tún lágbára sí i, bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù kẹfà, ọjọ́ márùn-ún kí àwọn ọmọ ogun tó sọ̀ kalẹ̀ sí Normandy. Ó wà lára àwọn kọ̀ǹpútà oníná àkọ́kọ́ láyé. Mẹ́wàá ló wà nígbà tí ogun parí. Wọ́n tú èyí tó pọ̀ jù palẹ̀, wọ́n ní kí Flowers sun àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ó sì sun ún. Àwọn obìnrin tó ń fọwọ́ yí bọ́tìnnì ibẹ̀ tọ̀sán-tòru padà sílé, wọn ò lè sọ fún ọkọ wọn. Ó di àwọn ọdún 1970 kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ibi tó dùn mí jù rèé. Ẹ rò ó wò, kí èèyàn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ayé sì máa yin ENIAC ti Amẹ́ríkà tí wọ́n fi han aráyé lọ́dún 1946, kí ìwọ sì máa wò.

Ó dáa. Mo ní mo máa padà sọ́dọ̀ Ìyá Ìjọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ dọ́bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo bi wọ́n pé kí ló jẹ́ kí wọ́n pè mí kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́. Wọ́n wò mí bíi pé mo ya òpònú díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ti mọ ìyá ẹ fún ọgbọ̀n ọdún. Kò kọ nǹkan sí mi rí kó má kọ́kọ́ sọ ti àlàáfíà Olúwa. Eléyìí kàn wọlé, ó ní òun nílò owó. Mo ní rárá, ẹni yìí ò kí mi." Ohun tí mo fi ń fi Màámi ṣe yẹ̀yẹ́ látọjọ́ tó ti pẹ́, òun ló gba 85,000 Ìyá Ìjọ là. Àwọn méjì tó kù, ọmọ wa ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn ò ju tèmi lọ púpọ̀. Àwọn náà kì í kí èèyàn kí wọ́n tó béèrè nǹkan, kò lè yà wọ́n lẹ́nu.

A gba WhatsApp náà padà lọ́jọ́ kẹta. Mo ní, "Màámi, ẹ fúnra yín lẹ máa mú PIN lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má sọ fún mi. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n." Wọ́n gba fóònù, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní àwọn ti lo ọgbọ́n tí ọmọ Yahoo kankan ò lè mọ̀: nọ́ńbà orin méjì látinú ìwé orin ìjọ, ẹ̀ẹ̀ta-ẹ̀ẹ̀ta, ó pé mẹ́fà. Mo ní Màámi, Bletchley ń wá yín o. Wọn ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́jọ́ Túsìdé tó kọjá, wọ́n pè mí. WhatsApp ti ní kí wọ́n tẹ PIN, wọ́n rántí orin kan, wọn ò rántí ìkejì.

Mo ní, "Màámi, ṣé kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa ń kọ láràárọ̀ tẹ́ ẹ bá ń gbálẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

(Wọ́n ti yí i padà kí n tó gba ohùn yìí sílẹ̀ o. Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà.)